Ọjọ́ Tí Mo Fi Láfún Kun Ahọ́n Lóṣù Ààwẹ̀

Ọjọ́ Jímọ̀ kan wà tí kò lè tán lọ́kàn mi láéláé. Lọ́jọ́ náà ni wọ́n gbé mi sínú bárò tí a fi ń kó ẹ̀gẹ́, níwájú mọ́sáláṣí, lójú gbogbo èrò ìrun. Itọ́ funfun ń yọ lẹ́nu mi bí ọṣẹ, àwọn kan sì ń pariwo pé ààwẹ̀ ti fẹ́ pa mí. Ààwẹ̀ kọ́ o. Abọ́ ògì méjì àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ mẹ́ta ló wà nínú mi lásìkò náà. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín kí ẹ lè bá mi rẹ́rìn-ín, torí pé èmi nìkan ti ń rín in tipẹ́, ó sì ti ń rẹ̀ mí.

Ìrókò ni mò ń gbé, iṣẹ́ oko ni mò ń ṣe, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo. Tí ẹ bá dé ìlú wa lóṣù ààwẹ̀ nígbà tí ara mi ṣì le, ẹ ó gbọ́ orúkọ mi kí ẹ tó rí mi. Ọ̀gá Ahọ́n ni wọ́n ń pè mí. Ẹ mọ̀ pé ahọ́n ẹni tó ń gbààwẹ̀ máa ń funfun tó bá di ọ̀sán. Àwọn ọmọdé máa ń fi ṣeré láàárín ara wọn. Èmi àgbàlagbà ló wá sọ eré ọmọdé di iṣẹ́. Lẹ́yìn ìrun àílà, màá dúró sẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí, tí mo bá rí ẹni tí ètè rẹ̀ ń dán, màá ní, "Ìwọ, yọ ahọ́n ẹ ká wò ó." Tí ahọ́n náà bá pupa, ó parí, gbogbo ìlú ló máa gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo tilẹ̀ rò pé wọ́n ń kọ láádá rẹ̀ sílẹ̀ fún mi lọ́run.

Àfi bó ṣe di ọdún kan tí ojú mi ṣàdédé pọ́n. Kì í ṣe pé ó pupa o, gbogbo ẹyinjú mi ló yí padà bí èèpo ọsàn tó pọ́n. Ìtọ̀ mi dúdú bíi sóbò, ara ń yún mi, ó sì ń rẹ̀ mí débi pé tí mo bá kọ ebè mẹ́wàá, orí ìkọkànlá ni màá jókòó sí. A ní ibà pọ́njú ni. Mo mu àgbo títí, ojú ò padà funfun. Ìyàwó mi, Rafatu, ló ní ó tó gẹ́ẹ́, ó gbé mi sẹ́yìn ọ̀kadà, a dé Moniya, a wọ máíkírà, ó di ilé ìwòsàn ńlá kan n'Íbàdàn.

Rafatu ò ju ìwé mẹ́fà lọ, gàrí ló ń dín tà. Àmọ́ tí ẹ bá rí obìnrin yìí bó ṣe ń bi dókítà ní ìbéèrè, ẹ ó rò pé òun ló ni ilé ìwòsàn. Dókítà náà, ọmọbìnrin ni, ó wo gíláàsì, ó sì ní sùúrù. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ mi lónìí, wọ́n fà á lọ́la, wọ́n tilẹ̀ fi abẹ́rẹ́ gígùn kan mú bíńtín nínú ẹ̀dọ̀ mi lọ yẹ̀ wò. Nígbà tí èsì pé, ó pè wá jókòó.

Ó ní, "Bàbá, kì í ṣe kòkòrò ló ń bá ẹ̀dọ̀ yín jà, kì í sì í ṣe ọtí. Ara yín fúnra rẹ̀ ni. Ohun tó wà nínú ara tó yẹ kó máa lé àìsàn lọ ló kọjú ìjà sí ẹ̀dọ̀."

Mo ní, "Kí ni mo fi ṣe é?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan, Bàbá. Àwa gan-an ò tíì mọ ohun tó ń fà á tán."

Rafatu ti ronú lọ jìnnà. Ó ní, "Dókítà, ṣé bí ìgbà tí ajá tó ń ṣọ́ ilé bá wá ń bu onílé jẹ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, Màmá."

"Ṣé a ó wá pa ajá náà ni?"

"Rárá o. Olè ṣì wà níta. Oògùn ni a ó máa fún un kó lè jókòó jẹ́ẹ́."

Bí mo ṣe lóye àìsàn mi nìyẹn o, lẹ́nu ìyàwó mi. Dókítà ní láràárọ̀ ni màá máa lo oògùn náà, oríṣi méjì, pẹ̀lú oúnjẹ nínú, fún ọ̀pọ̀ ọdún, bóyá títí ayé mi. Ó ní ohun kan ṣoṣo tí òun ò gbọdọ̀ gbọ́ ni pé mo já a lójijì. Rafatu ní kò ní gbọ́ ọ.

Látọjọ́ náà ni obìnrin yìí ti di òṣìṣẹ́ ẹ̀dọ̀ mi. Ó mú èédú, ó ń fa ìlà sára ògiri ilé ìdáná, ìlà kan fún àárọ̀ kọ̀ọ̀kan tí mo bá gbé oògùn mì. Kò gba "mo ti lò ó" gbọ́ o. Ó gbọ́dọ̀ rí gògóńgò mi kó lọ sókè kó tún sọ̀ kalẹ̀. Ọjọ́ tí a bá máa lọ rí dókítà, á ti gbé agbada gàrí rẹ̀ kalẹ̀ láti ọjọ́ tó ṣáájú, kó má baà sí ohun tó máa dá wa dúró. Mi ò gbọ́ ọ kó sọ lẹ́ẹ̀kan pé ó rẹ òun. Mo mọ ọkùnrin tó lágbára tí kò lè ṣe ìdajì rẹ̀, mo sì wà lára wọn.

Oògùn náà ṣiṣẹ́. Ojú mi padà funfun, agbára ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú oògùn yẹn máa ń jẹ́ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú, tèmi sì wú rìbìtì. Gbogbo ìlú wá ń kí mi: "Ẹ kú oríire o, ẹ̀gẹ́ yín ti ta!" Màá ní, "Alihamudulilahi." Mi ò sọ ohun tó ń ṣe mí fún ẹnì kankan. Ní àdúgbò wa, tí ẹ bá ní ẹ̀dọ̀ ló ń yọ yín lẹ́nu, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ bi ara wọn lẹ́yìn yín ni irú ọtí tí ẹ ń mu. Èmi tí mi ò fẹnu kan ọtí rí! Èmi tí mo ń yẹ ahọ́n aráyé wò! Mo ní kí Rafatu pa á mọ́ra, ó ní òun ti gbọ́.

Ààwẹ̀ wá kù sí dẹ̀dẹ̀. Dókítà wo ìwé èsì mi, ó ní ẹ̀dọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ sípò ni. "Bàbá, ẹ ò ní gbààwẹ̀ lọ́dún yìí."

Mo ní, "Dókítà, Mùsùlùmí ni mí o."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Èmi náà, Mùsùlùmí ni mí, Bàbá. Ìdí nìyẹn tí mo fi mọ̀ pé Ọlọ́hun ò fi dandan lé aláìsàn lórí."

Nínú máíkírà tó ń gbé wa padà sí Moniya, Rafatu rọra ní, "Bàbá Sàídì, ẹ jẹ́ ká lọ sọ fún Àáfà. Wọ́n á sọ ohun tí a ó ṣe dípò rẹ̀."

"Kí n lọ sọ pé kí ni? Èmi Ọ̀gá Ahọ́n, kí n ní mi ò gbààwẹ̀? Ìyá Sàídì, jọ̀ọ́, má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n fi mí ṣẹ̀sín."

Ó yíjú sí ojú fèrèsé ọkọ̀. Mo rò pé mo ti borí rẹ̀. Ẹ má bínú, ọkọ ni mí, bí a ṣe máa ń rò nìyẹn.

Báyìí la ṣe ṣe ètò rẹ̀. Tí Rafatu bá ń se oúnjẹ sààrì, á se tèmi mọ́ ọn, á kó o sínú kúlà, màá ki kúlà bọ inú àpò oko lábẹ́ àdá. Tó bá di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, màá wọ inú ahéré mi lóko, màá jẹun, màá lo oògùn, màá nu ẹnu, màá wá rìn wọ̀lú bí ẹni tí ebi ń pa. Rafatu ń fi èédú fa ìlà rẹ̀ bí mo bá ti sọ fún un pé mo lò ó, torí kò sí lóko láti rí gògóńgò mi. Ohun kan tó ń bí mi nínú lásìkò yẹn ni pé ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, Rafatu á bu abọ́ oúnjẹ ràgàjì kan, á dé e, á gbé e lọ sílé opó kan tó ń gbé lẹ́yìnkùlé wa. Mo ní, "Ṣé àwa nìkan la ní ìkòkò ládùúgbò yìí ni?" Ó ní kí n jẹ́ kó máa lọ.

Ọjọ́ kìíní, orí ìlà ìjàlọ ni mo jókòó sí láìmọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ògì sẹ́nu ni wọ́n dé ibi tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dé. Mo ju ṣòkòtò sí apá kan, mo ju fìlà sí apá kejì, mò ń jó yípo ahéré, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kí ògì dànù. Ọjọ́ kejì, òórùn ọ̀lẹ̀lẹ̀ pe àwọn ewúrẹ́ wá. Ọ̀kan nínú wọn já ọ̀lẹ̀lẹ̀ gbà tewétewé, ó dorí kọ ìlú. Ẹ wò ó, ẹ̀rí tó ń sáré ni! Mo lé ewúrẹ́ yẹn la oko àgbàdo já, mo bọ́ sínú kòtò kan, mo tún jáde, kí n tó gba ewé lẹ́nu rẹ̀. Kò fi ọ̀lẹ̀lẹ̀ kankan sílẹ̀ fún mi. Nígbà tí mo délé, bàtà mi kan ò sí lẹ́sẹ̀, Rafatu wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ oko."

Ìyẹn ṣì kéré. Ní ọjọ́ kẹfà ni mo pàdé Làmídì. Làmídì ló ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ nílùú wa, jẹ́jẹ́ ló ń lọ jẹ́jẹ́ ló ń bọ̀. Lóṣù ààwẹ̀ ọdún kan, mo ká a mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ rẹ̀ níbi tó ti ń jẹ ẹ̀pà. Mo mú un jáde, mo ní kó yọ ahọ́n lójú àwọn obìnrin tó wá lọ ẹ̀gẹ́. Ó yọ ọ́. Ó tẹjú mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, àárín ọ̀nà ló dúró sí, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá Ahọ́n, ẹ kú ìrìn o. Ẹ dẹ̀ ń dán lẹ́nu lónìí. Ẹ yọ tiyín ká wò ó."

"Mi ò láyè, Làmídì."

"Èmi náà ò láyè lọ́jọ́ yẹn, ẹ dẹ̀ ní kí n yọ ọ́."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Mo wúkọ́ kọjá lára rẹ̀, mo wúkọ́ títí mo fi wọlé. Eré ló fi ṣe, àmọ́ àyà mi já. Láti ọjọ́ kejì rẹ̀, mo dẹ́kun jíjẹun lóko. Mo ń bo oúnjẹ Rafatu mọ́lẹ̀ lábẹ́ ebè, mo ń gbààwẹ̀ pátápátá. Oògùn tó yẹ kí n fi oúnjẹ gbé mì, mò ń kó o pamọ́ sápò. Tí mo bá délé, Rafatu á bi mí, "Ṣé ẹ lò ó?" Màá ní, "Mo lò ó." Á mú èédú rẹ̀, á fa ìlà. Mo fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, mò ń pa làpálàpá. Ọjọ́ márùn-ún ni mo ṣe é.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ karùn-ún, a fẹ́ ṣínu, mi ò lè gbé ife omi sókè dáadáa. Rafatu fi iná tọ́ọ̀ṣì tan ojú mi. Ojú ti tún pọ́n. Kò pariwo. Ó ki ọwọ́ bọ àpò aṣọ oko mi, ó kó àwọn hóró oògùn náà jáde, ó tò wọ́n sórí tábìlì níwájú mi.

Ó ní, "Bàbá Sàídì, ọjọ́ márùn-ún ni ẹ fi jẹ́ kí n máa parọ́ mọ́ ògiri. Orúkọ yín lẹ ń tọ́jú. Èmi, ẹ̀dọ̀ yín ni mò ń tọ́jú. Tí ẹ̀dọ̀ bá lọ, ta ló fẹ́ máa jẹ́ orúkọ náà?"

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. A ti ń gbé pọ̀ láti ìgbà èwe wa, mi ò rí ẹkún rẹ̀ rí bí kò ṣe lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ kú. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí a fi dé ọ̀dọ̀ dókítà. Lọ́jọ́ yẹn kò rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ká ní mo tún fi ọ̀sẹ̀ kan lé e, òun ò mọ ohun tí à bá máa sọ báyìí. Wọ́n dá mi dúró fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n fi kún oògùn mi. Ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, orí ẹní ni Rafatu sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Tó bá di ọ̀sán, á gbé oúnjẹ wá, á fi ṣíbí bọ́ mi, òun tí kò fi omi kan ètè láti àárọ̀. Mo ń wo ètè rẹ̀ tó gbẹ, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀ tí kò gbọ̀n. Mo wá rí i pé láti ọjọ́ tí mo ti ń yẹ ahọ́n kiri, mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ ààwẹ̀.

A padà délé. Rafatu ní láti ọjọ́ náà lọ, inú yàrá wa ni màá ti máa jẹun láràárọ̀, níwájú òun, kí òun rí gògóńgò. Mo gbà. Ó tún ní, "Ohun kan wà tí mo fẹ́ sọ fún yín nípa àwọn ará ìlú..." Mo ní, "Ìyá Sàídì, mo ti gbọ́, màá máa lò ó, jọ̀ọ́ jẹ́ kí n sinmi." Ó wò mí, ó kó abọ́ jáde.

Ẹ ó rò pé mo ti gbọ́n báyìí. Mo gbọ́n lóòótọ́, ọgbọ́n òdì ni. Oògùn mò ń lò, oúnjẹ mò ń jẹ, ọ̀rọ̀ ahọ́n ló kù. Mo dúró níwájú dígí, mo yọ ọ́, ó pupa fòò. Mo wá rántí àpò láfún Rafatu. Láfún funfun, ó kúnná, kò sì ní òórùn púpọ̀. Mo bu díẹ̀, mo fi kun ahọ́n mi, mo wo dígí. Ẹ̀yin èèyàn mi, ahọ́n náà dára! Ẹni tó ti gbààwẹ̀ ọgbọ̀n ọjọ́ láìṣínu ló máa ní irú ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí mo rí Làmídì lókèèrè, èmi fúnra mi ni mo yọ ahọ́n sí i láìbi mí. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó tẹrí ba, ó ní, "Ẹ kú ààwẹ̀, Ọ̀gá," ó bá tirẹ̀ lọ. Mo ní mo ti rí i mú.

Ọjọ́ Jímọ̀ wá dé. Torí pé èrò á pọ̀, mo kun láfún ọjọ́ náà nípọn, mo pa ẹnu dé, mo wọ agbádá, mo dé mọ́sáláṣí. Bí ẹnikẹ́ni bá kí mi, orí ni mo fi ń dáhùn. Mi ò mọ̀ pé ọ̀fìnkìn ti gba ohùn lọ́wọ́ ládàánì wa. Àáfà gbójú sókè, èmi ló rí.

"Ohùn tìrẹ dá ṣáṣá. Wá bá wa pe ìrun."

Mo mi orí. Ó rò pé ìtẹríba ni. Wọ́n tì mí síwájú, wọ́n gbé gbohùngbohùn sí mi lẹ́nu, èyí tí wọ́n ti so ìwo rẹ̀ mọ́ òrùlé, tó ń dún dé oko. Mo la ẹnu, mo fa èémí sínú kí n tó bẹ̀rẹ̀. Èémí náà ò wọlé lásán. Gbogbo láfún tó ti gbẹ sórí ahọ́n mi ló bá a wọ ọ̀fun. Ìró tó jáde lẹ́nu mi, mi ò lè kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn tó wà nílé ní àwọn rò pé ewúrẹ́ ti wọ mọ́sáláṣí ni.

Mo wúkọ́, èkúru funfun jáde. Mo tún wúkọ́, itọ́ pò ó pọ̀, ó di kókó, ó ń yọ létí ẹnu. Mo ṣubú. Ẹnì kan ké pé, "Wárápá ni! Ẹ mú ṣíbí wá!" Òmíràn ní, "Wárápá kọ́, ebi ni! Ààwẹ̀ ti wọ̀ ọ́ lára!" Wọ́n gbé mi jáde, bárò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, inú rẹ̀ ni wọ́n gbé mi sí, Làmídì di ẹsẹ̀ mi méjèèjì mú. Ẹnì kan gbé omi sí mi lẹ́nu. Ibi tí ìwà òmùgọ̀ mi pé sí nìyí: mo pa eyín dé. Ọ̀fun ń pa mí kú lọ, mo ń mi orí, mò ń ṣe, "Ùn-ùn, mò ń gbààwẹ̀!" Bàbá àgbà méjì bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú. Wọ́n ní, "Ẹ wo ìgbàgbọ́! Irú ọkùnrin yìí ṣọ̀wọ́n!" Nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn, mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé èmi àti bárò mì.

Rafatu sáré jáde láti ibi tí àwọn obìnrin ti ń kírun. Ó fi ìborùn rẹ̀ nu inú ẹnu mi, ó wò ó, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ní, "Láfún mi rèé."  Ó wá gbé ife omi náà lọ́wọ́ ẹni tó mú un. "Bàbá Sàídì, ẹ mu omi."

Àáfà náà ti dé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi létí bárò, ohùn rẹ̀ ò le rárá. "Mu omi, arákùnrin mi. Kí oṣù tó lé ni aya rẹ ti wá bá mi nípa àìsàn ẹ̀dọ̀ yìí. Mo sọ fún un pé ẹni tí irú àìsàn báyìí bá ń ṣe, aláìní ni yóò máa bọ́ dípò ààwẹ̀. Kò sí ìrọ̀lẹ́ kan tí kò gbé oúnjẹ lọ fún opó yẹn ní orúkọ rẹ. Ta lo wá ń ṣe láfún fún?"

Aṣọ ò bo Ọ̀mọ́yẹ mọ́. Mo mu omi náà. Mo mu ún tán, mo tún gba òmíràn. Àbámọ̀ abọ́ oúnjẹ tí mo ń kùn sí lálaalẹ́ ló ń jò mí nínú. Ìyàwó mi ń san gbèsè mi lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, èmi ń bi í bóyá àwa nìkan la ní ìkòkò.

Lẹ́yìn ìrun, Àáfà ní kí n lọ sinmi ní pálọ̀ òun. Làmídì tẹ̀ lé mi, ó jókòó tì mí. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ forí jì mí."

"Kí lo ṣe fún mi?"

"Ọjọ́ tí mo ní kí ẹ yọ ahọ́n. Mi ò mọ̀ ni. Ìyàwó mi ló padà sọ fún mi pé àwọn obìnrin tó ń dín gàrí ti rí yín lóko láti ọjọ́ ewúrẹ́, tí ẹ ń jẹun tí ẹ sì ń gbé oògùn mì. Àwọn ló pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gba ọ̀nà ibẹ̀ láàárọ̀, kójú má baà tì yín." Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú oògùn tiẹ̀ jáde. "Èmi náà ń lo tèmi. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ẹ̀pà tí ẹ ká mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn, oògùn ni mo fẹ́ fi í lò."

 Mo dọ̀bálẹ̀ fún Làmídì nínú pálọ̀ Àáfà, èmi tí mo fi ọdún púpọ̀ jù ú lọ. Ó ní kí n dìde, kí n dìde, ó fà mí lápá, àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, ìyàwó Àáfà sì gbé ẹ̀bà wá fún wa, ó ti ilẹ̀kùn kí àwọn tó ń gbààwẹ̀ má baà gbóòórùn ọbẹ̀.

Láti ìgbà náà, mi ò yẹ ahọ́n ẹnikẹ́ni wò mọ́. Ẹni tó bá béèrè ohun tó ń ṣe mí, mo ń sọ fún un pé ẹ̀dọ̀ ni, ọtí kọ́, ara mi ló ń bá ara rẹ̀ jà, oògùn ló sì ń pẹ̀tù sí i. Ènìyàn mẹ́ta ti tipa bẹ́ẹ̀ bá Rafatu lọ sọ́dọ̀ dókítà nípa àìsàn tí wọ́n ń fi pamọ́. Èsì tí a gbà kẹ́yìn dára, wọ́n ti dín oògùn kan kù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi sì ti ń lọ sílẹ̀, àwọn ará ìlú ní ṣé ẹ̀gẹ́ ò tà mọ́ ni. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ò ju èyí lọ: àìsàn kì í ṣe ẹ̀gàn, ìgbéraga tí a fi ń bò ó ló ń dójú tini, ẹnikẹ́ni ò sì mọ ohun tí ọmọnìkejì rẹ̀ ń gbé mì kó tó lè jáde nílé.

Lọ́jọ́ kan, mo bi Rafatu pé, "Ìwọ náà ń dín gàrí pẹ̀lú àwọn obìnrin yẹn. O mọ̀ pé wọ́n ti rí mi. Kí ló dé tí o fi jẹ́ kí n máa sá pamọ́ kiri inú oko bí òkété?"

Ó ń ro ọbẹ̀ lórí iná, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Ó ní, "Mo fẹ́ sọ, ẹ ò jẹ́ kí n sọ. Ẹ sì kúkú fẹ́ràn kí ẹ máa rò pé ẹ gbọ́n. Dókítà ò ní kí n gba ìyẹn náà lọ́wọ́ yín."

Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Kí ni mo tún fẹ́ wí?